Àpótí tó ń tọpa agbábọ́ọ̀lù mi máa ń bá ẹlòmíì lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo fi fóònù ya fídíò bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò wa, mo sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tọpa ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, àbúrò mi, kí n lè fi gbogbo ibi tó sá dé hàn án. OpenCV, àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo àwòrán àti fídíò, ni mo ń lò.

KCF, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìtọpa tó wà nínú rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó yára, àmọ́ bí ọmọ náà bá sún mọ́ kámẹ́rà, àpótí (ìlà onígun mẹ́rin) tó yí i ká kì í tóbi bá a. Mo wá bọ́ sórí CSRT, ọ̀nà ìtọpa mìíràn nínú OpenCV. Ìyẹn ń bá a tóbi, ó ń bá a kéré, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹlòmíì tó wọ aṣọ kan náà bá gba iwájú rẹ̀ kọjá báyìí, àpótí á tẹ̀lé onítọ̀hún, kò sì ní padà mọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Ṣé kí n fi YOLO, ètò tó ń rí ènìyàn nínú àwòrán, wá gbogbo wọn, kí ByteTrack, ètò tó ń so àpótí ẹnì kan nínú àwòrán kan mọ́ tirẹ̀ nínú àwòrán tó tẹ̀lé e, wá so wọ́n pọ̀ ni? Ṣùgbọ́n ibi tí àpótí wà àti bó ṣe ń rìn ni ByteTrack ń wò, kì í wo ìrísí ènìyàn. Kí ni yóò wá dá a mọ̀ láàárín àwọn aláṣọ kan náà? Kọ̀ǹpútà mi ò ní GPU (ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ń mú irú iṣẹ́ yìí yára) o.