Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Tangier tí mo bèèrè: mo lọ, mo sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé Ìlọrin o, ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá èèyàn lè kúrò ní Casablanca, ní orílẹ̀-èdè Morocco, láàárọ̀, kó lọ wo òkun ní ìlú Tangier níbẹ̀, kó padà lálẹ́. Ó ṣe é ṣe dáadáa! Reluwé Al Boraq ni mo wọ̀, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ìgbà tá a kọjá ìlú Kenitra ló wá ń fò, 320 kìlómítà ní wákàtí kan, omi inú ife mi ò tiẹ̀ mì, mo wá rántí reluwé Ọ̀fà ayé ìgbà kan, ẹ̀rín pa mí. (Ọmọ Ìlọrin kì í bèèrè ìtumọ̀ orúkọ yẹn ṣá, Búráákì táwọn áfáà máa ń wàásù ẹ̀ ni, ẹran tí Ànábì gùn.)

Cap Spartel, etí òkun kan nítòsí Tangier, ló dùn mọ́ mi jù, ilé iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1864 láti máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ gba fìlà lórí mi. Ihò àpáta Hercules tó wà nítòsí ibẹ̀ náà dáa, àmọ́ èrò ti pọ̀ jù. Bọ̀dá tó ní kí n ná owó takisí kí n tó wọ ọkọ̀, ẹ ṣeun, mi ò gbọ́, mo sì sanwó gọbọi. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà o.