Ta ni Ruano nínú ìwé Garcia de Orta?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Mo ń ka ìwé tí Garcia de Orta, dókítà ará Pọtogí, kọ lórí egbòogi Íńdíà, tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Goa ní Íńdíà lọ́dún 1563. Ta ni Ruano tó ń bá a jiyàn ṣáá yìí? Ṣé dókítà gidi ni?

Ìdáhùn 1: Rárá o, Orta ló dá a sílẹ̀. Ruano ni ọ̀mọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé, tó gbára lé ohun táwọn Gíríìkì àtijọ́ kọ. Orta ti wà ní Íńdíà láti 1534, ó sì ti bi àwọn oníṣègùn ibẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ àjàgbọn: orúkọ tí àwọn Lárúbáwá pè é túmọ̀ sí dábínù Íńdíà, Orta ní kì í ṣe dábínù rárá. Ẹ̀rín pa mí níbẹ̀.

Ìdáhùn 2: Tó bá jẹ́ ẹ̀dà Látìn tí Clusius, onímọ̀ nípa ewéko, ṣe lọ́dún 1567 lẹ rí, ẹ ò ní bá Ruano níbẹ̀. Ó gé ìjíròrò náà kúrò.

Olùbéèrè: Háà! Abájọ tí ọ̀rẹ́ mi tó ka ti Látìn fi ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ ṣeun o.