Ọ̀rọ̀ táńkì omi òkun: ẹ jẹ́ ká pa “ìyípo” àti “ìbùkún omi” tì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n dábàá, tí wọ́n tò kalẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja òkun nínú táńkì kékeré nílé: omi iyọ̀, adágún onígíláàsì, ìyípo, ìbùkún omi, ẹja aláwàdà, òdòdó òkun, àtàwọn yòókù. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tó kọ ọ́. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe pé wọn ò dùn létí o, wọ́n dùn gan-an, ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá gbọ́ wọn bí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó wá lọ ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, ẹja rẹ̀ á kú. Ọ̀rọ̀ tí a bá ṣe fún iṣẹ́ ọwọ́, ọwọ́ ló yẹ kó darí.

“Omi iyọ̀” ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa gbọ́ omi iyọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sí iyọ̀ ìdáná tí wọ́n bù sínú omi? Iyọ̀ ìdáná, sódíọ̀mù àti kúlóráìdì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló pọ̀ jù nínú omi òkun náà lóòótọ́, àmọ́ magnẹ́síọ̀mù wà níbẹ̀, kálísíọ̀mù wà níbẹ̀, pọ́tásíọ̀mù wà níbẹ̀, àtàwọn nǹkan mìíràn tí ìgbín òkun àti iyùn (ẹran òkun tí egungun rẹ̀ le bí òkúta) fi ń kọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta iyọ̀ tí wọ́n pò pọ̀ fún táńkì ní pàtó, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan, inú ike lọ́tọ̀ la sì ti ń pò ó, kó yọ́ tán pátápátá kó tó kan ẹja. Tèmi ni pé ká máa pe omi náà ní omi òkun, ká pe iyọ̀ rẹ̀ ní iyọ̀ àpòpọ̀. Ẹnì kan ti ní omi tí kò ti òkun wá kò lè jẹ́ omi òkun. Ó dáa, ẹ fi “àtọwọ́dá” sí i lẹ́yìn, omi òkun àtọwọ́dá, ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sí ẹni tó máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Lórí òṣùwọ̀n, mo rí i pé “ìwọ̀n iyọ̀” ni wọ́n kọ sí iwájú 1.025, wọ́n tún kọ ọ́ sí iwájú 35. Nǹkan méjì nìyẹn o. 35 ni gíráàmù iyọ̀ tó wà nínú kílógíráàmù omi òkun kan, ìyẹn ni ìwọ̀n iyọ̀ lóòótọ́. 1.025 ń sọ bí omi náà ṣe wúwo sí ti omi lásán tí wọ́n bá jọ kún inú ohun kan náà, ìyẹn kì í ṣe iye iyọ̀, bí omi ṣe ki tó ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní ìki omi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á ra òṣùwọ̀n tó ń fi ọ̀kan hàn, á máa ka ìwé tó ń fi èkejì sọ̀rọ̀, tí orúkọ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló fẹ́ dìmú?

“Adágún onígíláàsì” dùn bí oríkì, mo gbà. Ṣùgbọ́n adágún ni omi tó dúró sójú kan tí kì í ṣàn, omi inú táńkì òkun kò sì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan rárá. Omi tó gbóná díẹ̀ tí iyọ̀ tún wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn tó lè gbà mọ́ra kò pọ̀ tó ti omi tútù tí kò ní iyọ̀, ojú omi tó ń ru ni ọ́síjìn sì ń gbà wọlé, ìrú omi yẹn náà ló ń gbé ìdọ̀tí lọ sára àwọn òkúta tí bakitéríà tó máa jẹ ẹ́ ń gbé. Mo fara mọ́ “ẹ̀rọ ìgbì” tí ẹnì kan dábàá fún pọ́ǹpù tó ń ru omi, ó ṣe kedere. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ohun tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀ yẹn, táńkì ẹja ni àwọn tó ń sin ẹja ń pè é, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní táńkì ti omi mímu àti ti epo mọ́tò ni, ẹ̀gbọ́n, ìdí tí a ṣe fi “ẹja” tì í nìyẹn. Hítà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ hítà, ohun tó yẹ ká kọ síwájú hítà ni pé kó gbé omi náà dúró láàárín ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì 24 sí 27, kó má máa lọ sókè sódò.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí há a láàárín: “kékeré” tó wà nínú àkòrí gan-an ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá rí “táńkì kékeré fún olùbẹ̀rẹ̀” á rò pé bó bá ṣe kéré tó ló ṣe rọrùn tó, òdìkejì rẹ̀ ló sì jẹ́, omi díẹ̀ tètè ń gbóná, ó tètè ń ki, ó tètè ń bàjẹ́. Nǹkan bíi lítà 75 sí 100 ló máa fara da àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n yẹn wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó wá kan “ìyípo”, ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù nìyí, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró tì mí. Ohun tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún ni àkókò tí táńkì tuntun fi ń dúró kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti ajẹkù oúnjẹ ń di amóníà, amóníà ń pa ẹja, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Bakitéríà kan á wá sọ amóníà di náítíráìtì, bakitéríà mìíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà títí a ó fi pààrọ̀ omi. Àwọn bakitéríà wọ̀nyí ò sí nínú táńkì tuntun, tàbí wọn ò tó nǹkan, a gbọ́dọ̀ fún wọn ní amóníà díẹ̀ ká sì dúró kí wọ́n bí sí i, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà, ara òkúta àti iyanrìn sì ni wọ́n ń gbé jù, wọn ò pọ̀ nínú omi fúnra rẹ̀.

Ẹ wá sọ fún ẹni tí kò tíì sin ẹja rí pé kó “yí omi po” tàbí kó dúró de “ìyípo omi”. Kí ló máa ṣe? Ó máa yí omi padà ni! Yí omi padà ni yóò gbọ́, á da ti àná nù, á bu tuntun sí i, amóníà tí bakitéríà fẹ́ jẹ yóò máa bá omi lọ, oṣù kan á kọjá táńkì náà á ṣì dà bíi tuntun. Àwọn tó kọ ìyípo tú u látinú Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì ń wo bí náítírójìn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, nínú ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ìyípo náítírójìn dára gan-an, kò sí ẹni tó bá a jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síwájú táńkì kò rí nǹkan kan tó ń yí po, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ó ti tó àbí kò tíì tó.

Nítorí náà mo dábàá gbó. Táńkì ti gbó, táńkì ò tíì gbó, ẹ jẹ́ kó gbó kí ẹ tó fi ẹja sí i. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni, kò nílò orúkọ gígùn kankan, ó sì kó dídúró mọ́ra, nítorí ohun tó ń gbó kì í gbọ́ ìkánjú. Ẹnì kan ti kọ̀wé pé gbó ni aṣọ àkísà. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ ń gbó, àmọ́ irè oko náà ń gbó, kò sí àgbẹ̀ tó sọ pé irè òun gbó tí ẹnì kan rò pé ó ti di àkísà, ohun tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́. Àmì pé ó ti gbó náà wà, kì í ṣe àfojúdíwọ̀n: tí ẹ bá fi amóníà sí i, tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìdánwò ò rí amóníà mọ́, kò sì rí náítíráìtì, ó ti gbó nìyẹn. Kí ẹ wá pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan kí náítíréètì tó ti kó jọ dín kù, ẹ fi ẹja kan tàbí méjì sí i, kì í ṣe mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀.

Bí mo ṣe wà níbí, náítíráìtì àti náítíréètì, ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó, ìṣòro gidi ni, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Àmọ́ “oró kìíní, oró kejì, oró kẹta” tí wọ́n mú wá kò tọ̀nà, nítorí nínú omi òkun èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ oró, kúlóráìdì tó pọ̀ nínú omi náà kì í jẹ́ kó ráyè wọ ara ẹja bó ṣe ń wọ̀ ọ́ nínú omi tí kò ní iyọ̀. Amóníà ni oró. Náítíráìtì kàn ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ò tíì parí ni. Ẹ jẹ́ ká máa kọ kìíní, kejì, kẹta sí wọn lára láìfi oró sí i. Ẹ má sì pe bakitéríà ní “kòkòrò” nínú ìtumọ̀ yìí, ẹni tó bá gbọ́ kòkòrò, oògùn ló máa wá, oògùn tó bá sì pa wọ́n tán, táńkì padà sí ọjọ́ kìíní nìyẹn.

“Ìbùkún omi” ńkọ́? Mo mọ ibi tí wọ́n ti fà á yọ, bù kún, bu omi kún un, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà délẹ̀ tí a bá tú u palẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, àdúrà ni yóò rò. Ìyẹn gan-an kọ́ ló bà mí nínú jẹ́ jù, ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé wọ́n fi ìbùkún omi kan náà sọ iṣẹ́ méjì. Omi táńkì ń fà lójoojúmọ́, omi nìkan ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í lọ, ó dúró síbẹ̀, omi tó kù wá ń ki sí i. Omi lásán tí a ti sẹ́ dáadáa, tí kò sí kúlórínì nínú rẹ̀, ni a ó fi dí i. Iṣẹ́ kejì ni pé lọ́sẹ̀ kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì, a ó gbọ́n bí ìdá mẹ́wàá tàbí ìdá márùn-ún omi náà jáde ká fi omi òkun tuntun rọ́pò rẹ̀. Lásán fún ti àkọ́kọ́, oníyọ̀ fún ti kejì, ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, ìki omi á máa lọ sókè tàbí kó máa wálẹ̀ títí nǹkan á fi kú. Àfikún omi àti ìpààrọ̀ omi ni mo fara mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Lórí orúkọ àwọn ẹran omi, màá yára. “Ẹja aláwàdà”, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní clownfish, ò pa ẹnikẹ́ni lára, kò kàn sọ nǹkan kan ni, ẹja náà ò ṣàwàdà fún Yorùbá kankan rí. Àwọ̀ ọsàn ni, ilà funfun mẹ́ta ló gba ara rẹ̀ kọjá, a sì ti ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ẹ jẹ́ ká ní ẹja abilà ọsàn. Gbólóhùn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi sí i, “ra akọ kan àti abo kan”, ẹ yọ ọ́ kúrò: akọ ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn méjì ló ń di abo. Kékeré méjì ni kéèyàn rà, wọ́n á yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

“Òdòdó òkun”, sea anemone ti Gẹ̀ẹ́sì, léwu jù ú lọ. Ẹran ni, kì í ṣe òdòdó, ó ń tani, ó lè rìn káàkiri táńkì kó ta àwọn yòókù, ó nílò ìmọ́lẹ̀ tó lágbára àti táńkì tó ti gbó fún ọ̀pọ̀ oṣù, abilà ọsàn tó máa ń fi í ṣe ilé nínú òkun sì lè gbé ayé rẹ̀ láìní in. Wèrèpè òkun ni mo fẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní wèrèpè náà ewéko ni, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́ wèrèpè tó na ọwọ́ sí i. Iyùn ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ iyùn. Àwọn kan ní ìlẹ̀kẹ̀ niyùn, ẹ̀yin èèyàn mi, iyùn pupa tó ti òkun wá, egungun ẹran òkun ni, orúkọ náà ti ń tọ́ka síbẹ̀ látilẹ̀. Iyùn ààyè, òkúta ààyè (òkúta tí bakitéríà ti ń gbé lára rẹ̀), bí a ṣe ń sọ ẹja ààyè, ó bára mu.

Èyí tí mi ò tíì rí tiẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ tó ń hó kéékèèké nínú omi gbé ìdọ̀tí sókè di ìfófó, tí ìfófó náà á dà sínú ife lókè ká lè dà á nù. “Amúpurotíìnì” wúwo lẹ́nu, kò sì jẹ́ òótọ́ tán, nítorí kì í ṣe purotíìnì nìkan ló ń mú. Akófòfó ló wá sí mi lọ́kàn, kò tíì dùn mọ́ mi tán. Táńkì lítà 75 tí wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀ déédéé lè wà láìní ẹ̀rọ yẹn rárá, torí náà ẹ jẹ́ ká má kánjú sọ ọ́ lórúkọ, kí àwọn tó ń da ife rẹ̀ nù láràárọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wa bí wọ́n ṣe ń pè é.