Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan John Brown: ṣé "ìdìtẹ̀gbàjọba" ni?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn ìgbẹ́jọ́ John Brown, òyìnbó Amẹ́ríkà tó gbógun ti oko ẹrú, bi wá bóyá "ìdìtẹ̀gbàjọba" bá "treason" mu, ìyẹn ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ Virginia fi kàn án lọ́dún 1859. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, kò bá a mu. Ìdìtẹ̀gbàjọba ni ti sọ́jà tó gba ilé iṣẹ́ rédíò ní kùtùkùtù, tó ní ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ òun. Brown ò wá jọba. Èèyàn 21 ló kó jọ, òyìnbó 16, aláwọ̀ dúdú 5, tó fi lọ gba ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìbọn sí ní Harpers Ferry ní Virginia, kó lè tú àwọn ẹrú sílẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé ẹ̀sùn náà. Yàtọ̀ sí èyí tí à ń fà yìí, ìpànìyàn wà níbẹ̀, wọ́n sì tún ní ó bá àwọn ẹrú dìtẹ̀ kí wọ́n lè ṣọ̀tẹ̀ sí olówó wọn. Ẹ̀sùn yìí ti gba "dìtẹ̀", ó sì ti gba "ọ̀tẹ̀" mọ́ ọn. Bí a bá tún lo ọ̀kan nínú wọn fún ti àkọ́kọ́, òǹkàwé á rò pé ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì níwájú Adájọ́ Richard Parker.

"Ìdàlẹ̀ ìlú" ni mo fara mọ́. Ọ̀tá kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó bá ọ mulẹ̀ ló lè dalẹ̀. Orí èyí gan-an ni àwọn agbẹjọ́rò Brown dúró lé ní Charles Town, níbi tó ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn nínú kóòtù nítorí ọgbẹ́ idà. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Virginia, kò sì sí àdéhùn láàárín wọn. Ilẹ̀ wo ló wá dà? Àwọn júrì ò gbọ́. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi gbìmọ̀, wọ́n ní ó jẹ̀bi gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni wọ́n yẹgi fún un.

Àbúrò kan níbí ní èébú ni "ọ̀dàlẹ̀" jẹ́ fún ajìjàgbara. Ó dáa, ṣebí Virginia ló ń bú u? Ìwé ẹ̀sùn kì í ṣe oríkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò jù ni ti Shields Green àti John Copeland, aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n mú pẹ̀lú Brown. George Sennott, agbẹjọ́rò wọn, gbé ìdájọ́ Dred Scott ti 1857 kalẹ̀, èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Bí wọn kì í bá ṣe ọmọ ìlú, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dalẹ̀ ìlú? Bí ẹ̀sùn yẹn ṣe kúrò lọ́rùn wọn nìyẹn. Okùn ò kúrò níbẹ̀ ṣá: ọjọ́ 16 oṣù kan náà ni wọ́n yẹgi fún wọn nítorí àwọn ẹ̀sùn tó kù. Ẹ wá fi "ìdìtẹ̀gbàjọba" síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ á yé ẹnikẹ́ni. Ẹrú lè gbàjọba. Wọ́n gbà á ní Haiti.

"Ìlú" yẹn nìkan ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ìpínlẹ̀ ni Virginia. "Ìdàlẹ̀ ìpínlẹ̀" ńkọ́? Kò dùn létí mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́, kí lẹ rí sí i?