Ọpọlọ kọ́, ọpọ́n ni

Mo kí gbogbo ilé. Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ tó ń gbé Ilé-Ifẹ̀ dábàá pé kí á máa pe bírén-bọ́ọ̀sì, àpótí kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì mọ́tò òde òní, ní "ọpọlọ ọkọ̀". Wọ́n tún ní bí èèyàn bá yọ èyí tó bá mọ́tò dé, tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i, kí á pe iṣẹ́ náà ní "ìró-ẹ́ńjìnnì-lágbára". Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ gírámà jù mí lọ. Àmọ́ ríwáyà ni mí, ọ̀nà Ìkìrun níbí l'Óṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì bá ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí "ọpọlọ" fi ojú oníbàárà mi kan rí. Golf àtijọ́ ló gbé wá, wọ́n ti fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, omi òjò sì ti ba àpótí rẹ̀ jẹ́. A ra irú èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Mo so wáyà tán, mo kọ ìwọ̀nba nọ́ńbà tí ẹ́ńjìnnì á fi lè dúró lórí ìdúró, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí mọ́tò sùn sí ṣọ́ọ̀bù ká lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ṣebí ọpọlọ tuntun lẹ fi sí i? Á mọ ohun tó yẹ kó ṣe." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó forí lé ọ̀nà Iléṣà, ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ló wọ́ ọ padà. Nígbà tí a tú u, mo mú pístìnnì kẹta lọ́wọ́, mo gbé e sókè sí oòrùn: ihò kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà wà láàárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, etí ihò náà sì ti yọ́ bí àbẹ́là. Epo ò tó, iná plọ́ọ̀gì yá jù, tọ́bò sì ń ti atẹ́gùn wọlé. Ọ̀rọ̀ "ọpọlọ" ló tan ọkùnrin náà jẹ. Ohun tó bá ní ọpọlọ, a máa ń retí pé yóò ronú.

Àpótí yìí kì í ronú. Ohun méjì ló ń wò jù: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó ní ìṣẹ́jú kan, àti bí atẹ́gùn ṣe ń tẹ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà tó gbà wọlé. Nínú èyí tí a fi sí Golf yẹn, ìpele 16 ló wà fún yíyí, 16 fún títẹ̀. Ibi tí ìpele kan níhìn-ín bá ti pàdé ìpele kan lọ́hùn-ún, ojú kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà nínú ojú náà, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye epo tí nọ́súlù máa tu. Ojú 256 ni gbogbo rẹ̀. Tábìlì nọ́ńbà mìíràn tún wà bí èyí, tó ń sọ ìgbà tí iná plọ́ọ̀gì máa ṣẹ́.

16 lọ́nà 16, 256. Ta ni Yorùbá tí kò ní dá iye yìí mọ̀? Ogbè lápá ọ̀tún, Ọ̀yẹ̀kú lápá òsì, ó di Ogbè-Yẹ̀kú. Babaláwo kì í fi orí ara rẹ̀ hun ohun tó ń sọ. Ẹsẹ̀ méjì ló pàdé lórí ọpọ́n, ó sì ń ka ohun tó wà lábẹ́ odù tó jáde. Ohun tí àpótí yẹn ń ṣe gan-an nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òyìnbó ń pe tábìlì nọ́ńbà yìí ní máàpù. Kí la fẹ́ fi máàpù ṣe? Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí odò. Ọpọ́n ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní òun kì í ṣe onífá. Èmi náà, mọ́ṣáláṣí ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ayò wà ní ìdí igi odán gbogbo, ojú wà lára rẹ̀, a sì ń ka ọmọ sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ní 2013 pàápàá, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é. Mi ò gbọ́ pé ẹnìkan ní kí ọmọ òun dá tirẹ̀ padà nítorí orúkọ.

Tó bá ti jẹ́ ọpọ́n, a ti rí orúkọ iṣẹ́ kíkọ nọ́ńbà tuntun sínú rẹ̀: títẹ̀. À ń tẹ odù sórí iyẹ̀rosùn, à ń tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà, dírẹ́bà ń tẹ iná, atẹ́gùn ń tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé ètò epo kan tí ẹ̀rọ oníná ń darí jáde ní 1967 fún Volkswagen 1600, D-Jetronic lórúkọ rẹ̀. D yẹn, Druck ni. Ní èdè Jámánì, Druck ni títẹ̀ tí atẹ́gùn ń tẹ̀, òun náà sì ni ìtẹ̀wé. Nígbà tí mo mọ èyí, orí mi wú. Nítorí náà, "àtúntẹ̀ ọpọ́n" ni mo fi sílẹ̀ níwájú yín dípò "ìró-lágbára". Àtúntẹ̀ ìwé wà, ẹ jẹ́ kí ti ọpọ́n náà wà.

"Ìró-lágbára" ń ṣèlérí tí kò lè mú ṣẹ. Ẹni tó ṣe mọ́tò tẹ ọpọ́n kan ṣoṣo fún ilẹ̀ òtútù àti ilẹ̀ ooru, fún epo dáadáa àti epo burúkú, fún òfin èéfín, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè pẹ́. Àyè yẹn là ń lọ mú. Tí kò bá sí tọ́bò, ìwọ̀nba ni agbára tí à ń rí kún un. Tó bá wà, ó máa ń pọ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mo nífẹ̀ẹ́ sí, èyí tó wà fún sẹ́ńsọ̀ tí a ń dè mọ́ sàlẹ́ńsà. Òṣogbo ìlú aró ni wá. Mo rí ìyá ìyá mi tó ti ìka bọ ìkòkò aró, tó fi kan ahọ́n, kó tó mọ̀ bóyá eérú tó. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ń tọ́ èéfín wò bákan náà, bóyá atẹ́gùn ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Kílò atẹ́gùn 14.7 sí kílò epo kan ni gbogbo rẹ̀ ń jó tán. Tí a bá fẹ́ kó fà dáadáa, nǹkan bíi 12.5 là ń wá. Òun ló ń sọ fún mi ojú tí mo gbọ́dọ̀ bu epo kún lórí ọpọ́n. Atọ́èéfínwò ni mo pè é.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni ìró kan. Tí iná plọ́ọ̀gì bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń mi páálí ìṣáná, kí pístìnnì tó lu. Òyìnbó ń pè é ní knock, àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ́ńjìnnì tó bá ti "nọ́ọ̀kì" ti kú nìyẹn. A nílò orúkọ fún ìró tó ń kìlọ̀, kí oníbàárà tó gbọ́ ọ lè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dá a lábàá.