Fíìmù ń gba ipò ìwé ní kíláàsì lítíréṣọ̀ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kíláàsì kejì àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn, Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ jáde ní ọdún 1974 ni a sì ń kà ní sáà yìí. Nígbà tí mo rí i pé ìwé kíkà ti sú àwọn ọmọ náà, mo fi fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe láti inú rẹ̀ ní ọdún 1997 hàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú wọn dùn, ẹnikẹ́ni kò sùn, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún mi lẹ́yìn náà kó ìrònú bá mi. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bí òǹkọ̀wé ṣe fi ìwà wọ Àjàní tí í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa sì kọ ọ́ pé, "Àjàní fajú ro, orin ìbànújẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún." Orin kì í dún nínú ìwé, inú fíìmù ni ó ti gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbàgbé Àjàní, ìró kúkurú tí à ń pè ní olékú ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. N kò fẹ́ pa fíìmù tì, nítorí ó jẹ́ kí wọ́n fojú rí ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà. Báwo ni ẹ ṣe ń lò ó tí kò fi ń gba iṣẹ́ ìwé ṣe?

Olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ìrònú, ìyá wa. Gbogbo rẹ̀ tí ẹ fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ni ó fa èyí. Èmi kì í fi ju ìṣẹ́jú 4 hàn, n ó sì pa ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò máa wo ẹnu àti ọwọ́ àwọn òṣèré, wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé wọ́n ń bá ara wọn sọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò ṣí ìwé sí ibẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń rí i fúnra wọn pé èrò ọkàn tí asọ̀tàn lè fi gbólóhùn kan sọ, ojú àti ìdákẹ́jẹ́ ni òṣèré ní láti fi gbé e jáde.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì:
Ẹ má bínú, arábìnrin mi, ọ̀rọ̀ tèmi le díẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì ka ìwé kọjá ìdajì kò gbọdọ̀ wo fíìmù rẹ̀, nítorí bí ó bá ti rí òṣèré, ojú òṣèré náà ni yóò máa rí. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ bí Àṣàkẹ́, ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin tí Àjàní fẹ́ràn nínú ìwé náà, ṣe rí lójú inú wọn.

Olùkọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù:
Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta níbí a máa fi ojú ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ fíìmù, etí wọn a sì sùn, nítorí náà páálí ni mo fi ń bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyì Bándélé darí, tó jáde ní 2022, ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn tó dàgbà, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman, eré tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde, ní 1975, Yorùbá sì ni Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-iyọ̀ ń sọ nínú fíìmù. Wọn á kọ́kọ́ tú ìlà 10 sí Yorùbá kí a tó gbọ́ ti fíìmù. Ọmọ kan kọ "ọba kú". Èkejì rẹ̀ ta kò ó pé ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fi jiyàn náà, Yorùbá ni wọ́n sì fi jà á.

Ẹni tó béèrè:
Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ní ọjọ́ Ajé, ìṣẹ́jú 4 láìsí ohùn ni a óò fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti rí páálí. Ní ti ọmọ tó kọ̀wé nípa orin yẹn, n kò ní fa ìlà pupa sí i. N ó dá a padà fún un, kí ó fi ọ̀rọ̀ ṣe ohun tí orin náà ṣe fún un.