Ṣé òmìnira nìkan ló tó? Lórí độc lập àti tự do, ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè Fiẹ́tnám

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa gbé wá lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ dá sí. Ó ń túmọ̀ ìwé kékeré kan lórí bí àwọn ará Fiẹ́tnám ṣe gba ara wọn lọ́wọ́ Faransé, ó wá kan àkọlé tó máa ń wà lókè ìwé ìjọba wọn títí dòní: Độc lập – Tự do – Hạnh phúc. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ kọ ni "Òmìnira, Òmìnira, Ìdùnnú", ẹ̀rín sì pa òun fúnra òun. Ló bá dábàá "ìdádúró" fún độc lập. Ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé ká fi òmìnira sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣebí òun náà la gbà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Wọ́n ní béèyàn bá gbọ́ "ìdádúró", òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ní lẹ́tà pé kó lọ jókòó sílé ná ló máa wá sí i lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, apá kan ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà.

Ti lẹ́tà yẹn, òótọ́ ni. "Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́", "ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró": dá ibẹ̀ yẹn kì í ṣe dá inú "ó ń dá gbé". Nínú gbólóhùn kò sí wàhálà, torí ibi tí àbọ̀ bá wà la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "Fiẹ́tnám dá dúró" tó máa rò pé "wọ́n dá Fiẹ́tnám dúró" là ń wí. Àmọ́ tá a bá ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, àbọ̀ ti bọ́, méjèèjì di ìdádúró, àkọlé orílẹ̀-èdè á wá dún bí ìwé ìjìyà.

Pé kí òmìnira wá ru ẹrù méjèèjì, ìyẹn ni mi ò gbà. Độc ni "nìkan", lập ni "dúró" tàbí "gbé kalẹ̀". Tự ni "ara ẹni", do ni "láti ọ̀dọ̀". Ohun tó bá ti inú ẹni wá, tí ẹnikẹ́ni ò fipá múni ṣe, ni tự do. Àwọn tó ja ìjà náà mọ èyí tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀rọ̀ độc lập wà nínú orúkọ Việt Minh, ẹgbẹ́ tó ṣáájú ìjà náà, ní kíkún láti ọdún 1941 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, òun náà ló sì wà lórí ìwé ìkéde tí Hồ Chí Minh, olórí wọn, kà ní gbàgede Ba Đình ní Hà Nội lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1945.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1946. Hồ Chí Minh àti Jean Sainteny tó ṣojú Faransé jókòó láti tọwọ́ bọ̀wé. Hồ ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ độc lập wà nínú ìwé náà. Faransé ní kò sóhun tó jọ ọ́. "État libre" ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, èyí tí í ṣe tự do lédè tiwọn: orílẹ̀-èdè tó ní ìjọba tirẹ̀, ilé aṣòfin tirẹ̀, ọmọ ogun tirẹ̀, àpò owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó wà nínú àpapọ̀ Indochina (àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lágbègbè náà) àti nínú ìṣọ̀kan Faransé, táwọn ọmọ ogun Faransé 15,000 á sì wọ apá àríwá rẹ̀. Ó yá, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi òmìnira túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tí àbúrò wa máa kọ nìyí: "Wọ́n béèrè òmìnira, Faransé kọ̀, ó fún wọn ní òmìnira." Ta ló máa ka ìyẹn tí kò ní sọ ìwé náà sílẹ̀?

Àwa tá a kọ́ gírámà ní ọ̀rọ̀ tó bá ọdún 1946 yẹn mu gan-an. Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ ni wọ́n sọ Fiẹ́tnám dà. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó tún ní àbọ̀, kò sóhun tí kò ní, àfi pé kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ fara hẹ olórí awẹ́ gbólóhùn tó wà ní Paris.

Ìdí nìyẹn tí "ìjọba ara ẹni" tí ẹnìkan mú wá náà ò fi tó. Ìjọba ara ẹni ni Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gbà lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1957, kò sì sẹ́ni tó rò pé Gẹ̀ẹ́sì ti lọ. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sákẹ́tẹ́ náà rí i: lọ́dún 1958 Dahomey (Benin òde òní) di orílẹ̀-èdè olómìnira lábẹ́ Faransé, ó di oṣù kẹjọ ọdún 1960 kó tó dá dúró. (Ẹ rí i, "dá dúró" ló wá sí mi lẹ́nu.)

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun ti bẹ́ ní Hà Nội láti oṣù kejìlá ọdún 1946. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1949, Faransé wá gbà láti kọ "indépendance", ìyẹn độc lập lédè tiwọn, sínú ìwé fún Bảo Đại, ọba Fiẹ́tnám tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun àti ti ilẹ̀ òkèèrè ṣì wà níkàáwọ́ wọn. Èèpo ni wọ́n fún un. Ó di Điện Biên Phủ, níbi tí Việt Minh ti ṣẹ́gun wọn, ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1954, kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ń wá ohun tó wà nínú èèpo. Ti Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Àbá tèmi ni àdádúró. Àfòmọ́ à- ti bá dá yìí ṣiṣẹ́ tipẹ́: àdágbé, àdáṣe, àdáni. Kò sì sẹ́ni tó ń pe lẹ́tà ìjìyà ní àdádúró. Kí òmìnira máa bá tự do lọ. Hạnh phúc, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, ìdùnnú ti dáa.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kò lè wúwo tó èyí táwọn baba wa sọ, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé inú èdè àwọn ará Ṣáínà ni độc àti lập ti wá, àwọn tó jọba lé Fiẹ́tnám lórí fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí Ngô Quyền, ọ̀gágun Fiẹ́tnám, tó lé wọn lójú odò Bạch Đằng lọ́dún 938. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àná ni wọ́n fi sọ fún ọ̀gá òní pé kó máa lọ.

Mo ti dán àbá mi wò lórí ohun tí Hồ Chí Minh sọ lórí rédíò lóṣù keje ọdún 1966: "Kò sóhun tó níye lórí ju àdádúró àti òmìnira lọ." Mo kà á sí ìyá mi létí. Wọ́n gbọ́ òmìnira. Wọ́n ní àdádúró ńkọ́, ṣé ti ẹni tí kò lọ́kọ tí kò lọ́mọ ni? Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Ìgbà tí mo tún yẹ độc wò ni mo rí i pé òun náà ló wà nínú cô độc, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó dá wà tí kò ní alábàárò.